Igbe Tí Agbóhùn Kò Gbọ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mẹkáníìkì kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Agbóhùn bá obìnrin kan jiyàn lórí ìró tó ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí iyàn náà pa obìnrin ọ̀hún.

Ìnagijẹ ni Agbóhùn. Àásù ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ti ń tún ṣe láti ọgbọ̀n ọdún. Àásù yìí ni ìkòkò irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, tí àwọn jíà inú rẹ̀ ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó pín in fún táyà ọ̀tún àti tòsì. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ní láti tú u kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Agbóhùn ní tirẹ̀ á jókòó ti ẹni tó ń wakọ̀, á ní kó wà á dé ìkóríta kó sì padà, á di ojú, á ní, "Bẹ́rìn apá òsì ni." Bí wọ́n bá tú u, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n á ṣe bá a. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣàwàdà pé bí èèrà bá ń wúkọ́ nínú àásù, Agbóhùn á gbọ́, á sì sọ oògùn tó yẹ kí èèrà lò.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin tó bá a jiyàn. Ọkọ̀ eré ìje àtijọ́ ni ọkọ̀ rẹ̀, pupa, onílẹ̀kùn méjì, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ńṣe ni ènìyàn ń ba wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń wọ abẹ́ ibùsùn. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ló rà á kí wọ́n tó bí àkọ́bí wọn. Ẹ̀ẹ̀kejì tó gbé e wá lọ́sẹ̀ kan náà nìyí.

"Ọ̀gá, ó ṣì ń ké," ni Agbẹ̀bí wí. "Bí mo bá ti sáré dé ọgọ́ta báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ajá tí wọ́n tì mọ́lé."

"Màmá, mo ti gbé e jáde lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí igbe kankan níbẹ̀."

"Àbí etí mi ló ń ké ni?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti dàgbà ni, ẹ ò lè ní kó má hó rárá. Mo ti da epo àtijọ́ inú àásù dànù, mo ti da èyí tó ki sí i. Ẹ máa lọ láìfòyà."

Agbẹ̀bí ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ìyá rẹ̀, arúgbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ti jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú báàgì lórí itan. Wọ́n ń gbé e lọ sí ìlú tó wà lẹ́yìn òkè, níbi tí dókítà yóò ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ jẹ́ ká lọ jàre," ni arúgbó náà wí. "Bó bá ń ké, a ó máa bá a gbè é."

Ni wọ́n bá lọ. Ìyàwó Agbóhùn, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan ògiri ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, gbé orí sókè nídìí ẹ̀rọ, ó wo ọkọ̀ náà títí ó fi yí kọ́nà. Ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé, ó sì padà sídìí aṣọ tó ń rán.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Agbóhùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Bàsíà tí epo àtijọ́ ọkọ̀ náà wà nínú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ó gbé e láti dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì rí i pé ìsàlẹ̀ epo náà ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nǹkan kan gún un níka. Nígbà tó yọ ọ́ síta tó fi àkísà nù ún, ó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá irin wẹ́wẹ́ tó máa ń yí nínú bẹ́rìn ni, kò tóbi ju ọmọ ìka lọ, ó sì ti kán sí méjì. Ó tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bá ìlàjì òmíràn.

Ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́rìn tó gbá jíà kékeré mú nínú àásù ti fọ́. Bí jíà kékeré bá fi lè yẹ̀ níbi tó wà, eyín rẹ̀ á há mọ́ eyín jíà ńlá, táyà ẹ̀yìn méjèèjì á sì gan lójijì, lórí eré. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọkọ̀ á yọ̀ kúrò lójú títì. Lórí ọ̀nà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkè yẹn, níbi tí àfonífojì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì... Kò lè rò ó dé òpin.

Ìgbà náà ni èrò kejì dé, ó sì tutù ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bẹ́rìn tó bá fọ́ báyìí kì í dákẹ́. Ó máa ń han gooro ni. Ọmọ ọwọ́ á gbọ́ ọ.

"Aránṣọ!" Ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún epo. "Nígbà tí ọkọ̀ pupa yẹn ń bọ̀ láàárọ̀ yìí, ṣé o gbọ́ nǹkan kan?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Mo gbọ́ ọ."

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ń ké. Láti ìkóríta ni mo ti ń gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

"Bàbá wọn, ẹ ti sọ fún obìnrin yẹn pé kò sí nǹkan kan. Ta ni èmi láti bá Agbóhùn jiyàn lórí jíà?"

Ó na irin tó kán náà sí i. Ìyàwó rẹ̀ yọ téèpù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré wọn, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n pe fóònù Agbẹ̀bí lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó ń dún, kò gbé e. Kì í gbé fóònù bó bá ń wakọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ bẹ́ẹ̀ rí pẹ̀lú ìgbéraga. Wákàtí kan ó dín díẹ̀ ló ti fi ṣíwájú wọn. Ìrètí kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé ó ní òun fẹ́ yà ra oògùn ìyá òun kí òun tó jáde nílùú.

Agbóhùn ló ń wakọ̀. Ó ń wà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọ́n kọjá ilé epo, wọ́n kọjá ilé ìwé tó gbẹ̀yìn, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe yín?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Kí ni?"

"Bàbá wọn, láràárọ̀ ni kẹ́tùlù wa ń súfèé. Ẹ máa ń jókòó tì í títí omi á fi fẹ́ gbẹ."

Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà. "Mo rò pé fèrè ẹnu rẹ̀ ti bàjẹ́ ni."

"Kò bàjẹ́."

Agbóhùn tẹ iná ọkọ̀ náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí òkè ni wọ́n ti rí i. Àmì pupa kékeré kan ló kọ́kọ́ jọ, kó tó di ọkọ̀. Agbóhùn tẹ fèrè, ó ń ṣẹ́ iná síwájú. Àfi bí ọkọ̀ pupa náà ṣe tún fi kún eré. Agbẹ̀bí ti rí i nínú dígí pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ń lé òun, kò sì sí ẹni tí yóò dúró de irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tó dá. Ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà, ló ń sọ pé, "Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́! Ọkọ̀ rẹ lágbára ju tiwọn lọ!"

"Ó ń sá fún wa!" ni Agbóhùn kígbe. "Olúwa mi, èmi ni mò ń lé e lọ síbi ikú!"

Ìyàwó rẹ̀ ti yọ gèlè. Ó yọ orí àti apá jáde lójú fèrèsé, ó ń ju gèlè náà lókè, ó ń pariwo pé, "Aránṣọ ni! Aránṣọ ni! Ẹ dúró!" Afẹ́fẹ́ já gèlè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Agbẹ̀bí ti rí ojú rẹ̀. Ọkọ̀ pupa náà dín eré kù, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì dúró. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Kí Agbẹ̀bí tó jáde tán, Agbóhùn ti wà nílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ó da omi inú ike sí ara àásù. Èéfín funfun rú bò ó lójú. Irin náà gbóná débi pé omi ò dúró lára rẹ̀. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó sì nawọ́ irin tó kán náà sí obìnrin náà.

"Inú epo tí mo tú nínú ọkọ̀ yín ni mo ti rí i. Ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbí, Màmá. Táyà ẹ̀yìn lè gan nígbàkigbà."

Agbẹ̀bí wo irin náà. Ó wo ọ̀nà tó ń sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú kọ́nà rẹ̀ tó wọ́ bí okùn tí wọ́n jù sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ti gbàgbé ọ̀wọ̀.

"O ní etí mi ló ń ké! Ìyá mi wà nínú ọkọ̀ yìí! Mo sọ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì, o ní kí n máa lọ!"

"Mi ò gbọ́ ọ ni, Màmá."

"O ò gbọ́ kí ni?"

"Igbe náà. Mi ò gbọ́ ọ rárá." Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. "Etí mi ti ń kú. Ó ti tó ọdún méjì. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Èmi fúnra mi ò fẹ́ mọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Arúgbó inú ọkọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Etí tirẹ̀, ojú tèmi. Ẹ gbé mi débi tí mò ń lọ, ó kéré tán kí ọ̀kan nínú wa sàn."

Aránṣọ ló fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé àwọn méjèèjì lọ. Ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, Agbẹ̀bí kò sì wẹ̀yìn. Agbóhùn nìkan ló kù ti ọkọ̀ pupa náà, ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò wá fà á.

Ọ̀sán ni. Oòrùn mú. Òkè ojú ọ̀nà ni wáyà iná gbà kọjá, àwọn ẹyẹ kéékèèké bí i méjìlá sì tò sórí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹyẹ ti dín kù láyé, pé bóyá èéfín ọkọ̀ ló lé wọn. Ó gbé ojú sókè, ó rí i pé ẹnu àwọn ẹyẹ náà ń là, ó ń pa dé. Ọ̀fun wọn ń gbọ̀n. Gbogbo wọn ló ń kọrin. Kò gbọ́ ohunkóhun ju ìró afẹ́fẹ́ tó wúwo lọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí, ó ṣí i, ó tún bò ó. Bákan náà ni. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún náà jókòó sílẹ̀ ti táyà, ó sì sunkún bí ọmọdé, ó ń fi ọwọ́ tó kún fún epo nu ojú.

Lọ́jọ́ kejì Agbẹ̀bí pè. Aránṣọ ló gbé fóònù.

"Wọ́n ti ṣe ojú ìyá mi. Ẹ sọ fún ọkọ yín kó tú àásù náà. Mo rò ó pé kí n gbé e lọ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ò mọ irú ọkọ̀ yìí mọ́. Kó má ṣe fọwọ́ kàn án bí ẹ̀yin ò bá sí níbẹ̀. Ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, Màmá."

Báyìí ni aránṣọ ṣe ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó sì wá di etí fún ọkọ rẹ̀. Wọ́n sọ àásù kalẹ̀, wọ́n tú u. Bẹ́rìn náà ti lọ̀ bí ata. Eyín jíà méjèèjì ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kán, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti ń rí irú rẹ̀ mọ́. Agbóhùn fi bẹ́rìn tuntun sí i. Ó to àwọn ṣíìmù, ìyẹn àwọn òrùka irin pẹlẹbẹ tí a fi ń sún jíà kékeré síwájú tàbí sẹ́yìn, bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń tò ó láti ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n dá a padà sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n gbé e jáde.

"Ó ń ké," ni aránṣọ wí.

"Nígbà tí mo tẹ iná ni, àbí nígbà tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀?"

"Nígbà tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò. Hùùùù, báyìí."

Wọ́n padà, wọ́n tún tú u. Ó yọ òrùka kan. Wọ́n gbé e jáde.

"Ńkọ́ báyìí?"

"Ó ti wá ń ké nígbà tí ẹ bá tẹ iná."

"Ṣé ó tinrin, àbí ó nípọn?"

"Bàbá wọn, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń ha irin."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n sọ ìkòkò irin yẹn kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n gbé e sókè. Ẹ̀yìn ń dun aránṣọ, ìka ọwọ́ rẹ̀ tó mọ òwú nìkan ti dúdú. Agbóhùn ń béèrè ìró lọ́wọ́ rẹ̀ bí afọ́jú tó ń béèrè àwọ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò sì yé e. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ju sípánà mọ́lẹ̀.

"Omi ti tán lẹ́yìn ẹja," ló wí. "Pè é. Sọ fún un pé kó wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Sọ fún gbogbo wọn pé mo ti parí."

Ó jókòó sórí táyà àtijọ́ kan, kò sì gbórí sókè. Aránṣọ dúró tì í. Àánú rẹ̀ ń ṣe é, inú sì ń bí i, àwọn méjèèjì pọ̀.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ etí nìkan ni ẹ fi ń ṣe é?" ló bi í. "Bí mo bá fẹ́ gé aṣọ, mi ò kì í fetí gé e. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí n lè fojú rí ibi tí ọwọ́ mi ń lọ."

Agbóhùn gbójú sókè wò ó.

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi ọ̀dà kun eyín jíà," ló wí níkẹyìn. "Á yí i lọ́wọ́, á wá wo ibi tí ọ̀dà ti nù kúrò. Bó bá jẹ́ àárín eyín ni, ó ti bọ́ sí i. Bó bá jẹ́ etí eyín, kò tíì bọ́ sí i. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ẹni tí kò létí ló ń kun jíà lọ́dà."

"Ọ̀dà dà?"

Wọ́n rí ọ̀dà yẹ́lò tó kù nínú agolo kan. Aránṣọ ló kùn ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló fẹ́lẹ́ jù. Agbóhùn yí jíà náà lọ́wọ́. Wọ́n jọ tẹ̀ ba, orí kan orí, wọ́n sì rí i gbangba: ìpẹ̀kun eyín ni jíà kékeré ń jẹ, ó jìnnà sí àárín. Ó fi òrùka kan kún un. Wọ́n nù ún, wọ́n tún kùn ún. Àmì náà sún, ó kọjá ibi tó yẹ. Ó mú òrùka náà kúrò, ó fi èyí tó fẹ́lẹ́ bí ìwé rọ́pò rẹ̀. Kò bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè kankan, ojú tirẹ̀ ló ń lò. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n ṣe é kí àmì náà tó bọ́ sí àárín eyín.

Agbẹ̀bí dé lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e. Ó kí aránṣọ, kò kí ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sídìí sítiárìn, Agbóhùn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aránṣọ sì ká ara rẹ̀ kò sórí ìjókòó kékeré tó wà lẹ́yìn, lórí àásù gan-an. Wọ́n jáde sójú títì. Ogójì. Àádọ́ta. Agbóhùn kò wo ọ̀nà. Ó yí dígí sí ojú ìyàwó rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹlẹ́jọ́ ti ń wo ẹnu adájọ́. Ọgọ́ta. Ojú aránṣọ fà ró.

"Ó ń hó díẹ̀," ló wí. "Ó ti dákẹ́ báyìí. Ní nǹkan bí ọgọ́ta yẹn nìkan ni."

"Ẹ padà," ni Agbóhùn wí. "Ẹ padà, Màmá. Màá tún tú u."

Agbẹ̀bí kò padà. "Ṣé ó léwu?"

Agbóhùn rò ó dáadáa. Kò fẹ́ sọ̀rọ̀ kan tí kò dá a lójú mọ́ láéláé. "Kò léwu. Mo fi ojú mi rí i. Eyín rẹ̀ ti gbó ni, ìró ogbó nìyẹn. Kò ní lọ."

"Eyín tèmi náà ti gbó," ni Agbẹ̀bí wí, ó sì tẹ iná.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ibi iṣẹ́, ó pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò tíì jáde.

"Mi ò tíì dárí jì yín o," ló wí, ó ń wo iwájú. "Mo máa ń rí ọ̀nà yẹn bí mo bá dijú. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á ti da epo yẹn nù, á sì dákẹ́. Mo ti bá dókítà elétí kan sọ̀rọ̀. Ọjọ́rú ni yóò rí yín. Bí ẹ ò bá lọ, màá mọ̀."

Agbóhùn lọ lọ́jọ́ náà. Dókítà ṣe àyẹ̀wò, ó ní ariwo irin ọgbọ̀n ọdún ló jẹ etí náà, ohun tó sì ti lọ kò ní padà. Ó fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń há sétí láti fi gbọ́ràn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó lò ó níbi iṣẹ́, òòlù kan bọ́ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó sì fò sókè bí ẹni tí iná jó, ó yọ ọ́ jù sínú àpò. Títí di òní, nígbà mìíràn ó máa ń lò ó, nígbà mìíràn kì í lò ó.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Ọjọ́rú yẹn, oníbàárà méjì ló wá. Ó sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀: "Mi ò gbọ́ ìró tó bá tinrin mọ́. Ìyàwó mi ló ń bá mi gbọ́ ọ, èmi á sì fojú wá a." Ọ̀kan ní òun ń bọ̀, ó gun ọkọ̀ rẹ̀, kò sì padà wá. Èkejì, awakọ̀ tírélà kan tó sanra, dúró ó ń họrí. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ló wí, "ṣé ẹ lè bá mi gun ọkọ̀ mi dé ìkóríta?"